Àpáàdì Sophilos: Ìrìn-àjò Ọjọ́ Mẹ́fà Láti Áténì Dé Fársala

Ọjọ́ kìíní: Áténì, òpópónà Patission

Àpáàdì tí ìrìn-àjò yìí dá lé ni ti Sophilos, ayàwòrán ìkòkò ará Áténì láyé àtijọ́; Fársala ni wọ́n ti hú u jáde, Áténì ló sì wà báyìí. Ó kéré ju bó ṣe ń rí nínú àwòrán lọ. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹni tó bá ń sáré kiri yàrá yóò kọjá lára rẹ̀ láì dúró, torí àwọn ìkòkò ńláńlá tó wà nínú ilé náà ló ń fa ojú mọ́ra. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, níbi tí wọ́n kó ohun amọ̀ sí ní Musíọ̀mù Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Orílẹ̀-èdè Gíríìsì, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 15499. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé kí ẹ tó wọlé. Àwọn àpáàdì Sophilos mìíràn tí wọ́n hú jáde ní Akropolis, òkè olódi àárín ìlú, tún wà ní Áténì, orúkọ ayàwòrán nìkan kò sì tó láti fi wá èyí tí à ń wí.

Ibùdókọ̀ ojú irin Viktoria àti Omonia ló sún mọ́ ibẹ̀ jù, ìrìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni láti èyíkéyìí. Ẹ má fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́: ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé ọ̀sán ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Ẹ mú pẹ́ńsùlù, kì í ṣe bírò, àti awò kékeré tó ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ni, irú èyí tó ríran dáadáa láti mítà kan ààbọ̀. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá kò wúlò níbí, torí gíláàsì kò ní jẹ́ kí ẹ súnmọ́ ọn tó. Ẹ lè ya fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ pa iná kámẹ́rà.

Láti òsì sí ọ̀tún ni ká kà á. Lápá òsì, ẹṣin mẹ́rin ń sáré bọ̀ papọ̀, orí àti ẹsẹ̀ iwájú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fà àti ẹni tó ń dárí wọn ti bá ibi tó fọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni pèpéle ìjókòó onípele, tó ga ní àárín, tó sì ń sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn sí ọ̀tún àti òsì. Àwọn ọkùnrin tín-tìn-tín kún orí rẹ̀. Àwọn tó wà lápá òsì kọjú sí ẹṣin tó ń bọ̀, àwọn tó wà lápá ọ̀tún kọjú sí òdìkejì. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ju apá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ariwo wọn. Àwòrán èrò ìwòran lórí ìjókòó tó pẹ́ tó báyìí ṣọ̀wọ́n gan-an: nǹkan bí ọdún 580 sí 570 ṣáájú Krístì ni wọ́n yà á.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Èkíní ni ΣΟΦΙΛΟΣ ΜΕΓΡΑΦΣΕΝ, ìyẹn "Sophilos ló yà mí." Ìkòkò fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Sophilos ni ayàwòrán ìkòkò àkọ́kọ́ ní Áténì tí a mọ orúkọ rẹ̀ láti ọwọ́ ara rẹ̀. Èkejì ni orúkọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: eré ìdíje Patroklos, èyí tí wọ́n ṣe níbi ìsìnkú jagunjagun yìí nínú ìtàn ogun Troy. Ìyẹn ló jẹ́ kí àpáàdì yìí yàtọ̀. Orúkọ ènìyàn ni àwọn ayàwòrán máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn, orúkọ ẹṣin nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ àkọlé fún gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ bí ẹni ń kọ àkọlé ìwé, ìyẹn kò wọ́pọ̀ rárá. Ẹ̀kẹta wà lápá ọ̀tún: Achilles, ọ̀rẹ́ Patroklos tó ṣètò eré náà. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwòrán ara rẹ̀ kò sí.

Ọwọ́ Sophilos kò dán nínú àkọtọ́. ΑΤΛΑ ló kọ síbi tó yẹ kó kọ ΑΘΛΑ. Ẹ̀yin tí ẹ bá kọ́ lẹ́tà Gíríìkì nínú ìwé òde òní, ẹ má jẹ́ kí ó rú yín lójú pé ΦΣ ló lò fún ohùn tí à ń fi Ψ kọ: bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Áténì nígbà náà nìyẹn, kì í ṣe àṣìṣe.

Lọ́sàn-án, ìkòkò méjì péré ni kí ẹ fi kún un. Ìkòkò ibojì Dipylon, nọ́ńbà 804, ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ, ó sì jẹ́ ti bí ọdún 750 ṣáájú Krístì. Gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ òjìji onígun mẹ́ta, kò sí orúkọ, kò sí ìtàn tí a lè tọ́ka sí. Èkejì ni nọ́ńbà 1002, ti nǹkan bí ọdún 620, gíga rẹ̀ mítà 1.22. Ní ọrùn rẹ̀, akọni Herakles ń pa Nessos, ẹni tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ènìyàn tí ìdajì sì jẹ́ ẹṣin. Ní ara rẹ̀, àwọn Gorgon méjì, ìyẹn obìnrin abàmì, ń sáré lẹ́yìn tí akọni Perseus ti bẹ́ Medusa, arábìnrin wọn, lórí. NETOS ni wọ́n kọ síbẹ̀, bí ará Áténì ṣe ń pè é lẹ́nu. Láàárín ìkòkò méjèèjì yìí ni wọ́n ti kọ́ láti fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín ìlà sínú òjìji dúdú, kí iṣan, irun àti ìka lè hàn. Àwọn ará Kọ́ríńtì ló kọ́kọ́ ṣe é, bíi ọdún 700, Áténì sì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ kejì: Kerameikos

Òpópónà Ermou, nọ́ńbà 148. Keramos ni Gíríìkì ń pe amọ̀ ìkòkò, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò sì ni ibí, lẹ́bàá odò kékeré Eridanos, níbi tí odi ìlú ti ní ẹnubodè méjì: Dipylon àti Ẹnubodè Mímọ́. Ó tún jẹ́ ibi ìsìnkú, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìkòkò odindi fi ti ibẹ̀ jáde. Ibojì ni kì í jẹ́ kí ìkòkò di àpáàdì.

Ẹ jókòó sórí òkúta kan kí ẹ fi ọjọ́ yìí mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, torí ẹni tí kò bá mọ iná kò lè mọ ohun tí àwọ̀ ń sọ.

Ohun tó máa ń dààmú ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni pé dúdú àti pupa ara ìkòkò Áténì, amọ̀ kan náà ni. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀. Irin ló pọ̀ nínú amọ̀ náà. Wọ́n á pò ó mọ́ omi nínú kòtò, wọ́n á fi sílẹ̀ kí iyanrìn rẹ̀ tòrò sísàlẹ̀, wọ́n á gbọ́n ti òkè sí kòtò kejì, wọ́n á tún un ṣe. Èyí tó tòrò dáadáa ni wọ́n fi ń mọ ìkòkò. Èyí tí wọ́n fi ń kùn án tún kúnná ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á fi nǹkan bí omi eérú igi sí i kí ẹyọ amọ̀ má lè so mọ́ra, èyí tó wúwo á rì, èyí tó kúnná jù á léfòó sínú omi, wọ́n á wá jẹ́ kí omi náà gbẹ títí tí yóò fi ki bí ọ̀gì. Kí ó tó wọ iná, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ara ìkòkò mu. Bí afọ́jú ni ayàwòrán náà ṣe ń yà á: ó ń kun àwọ̀ pupa-rúsúrúsú sórí pupa, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ lọ́kàn ibi tí dúdú yóò wà.

Ìkòkò ńlá, abala abala ni wọ́n ń mọ ọ́n lórí àgbá yíyí. Wọ́n á jẹ́ kí abala kọ̀ọ̀kan gbẹ díẹ̀, kó le tó láti gbé ara rẹ̀ ṣùgbọ́n kí ọ̀bẹ ṣì lè wọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi omi-amọ̀ lẹ̀ wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń fá a, tí wọ́n ń fi òkúta dídán ra á. Ìgbà yìí náà ni wọ́n ń yà á, tí wọ́n sì ń fín in. Bí ó bá ti gbẹ jù, omi-amọ̀ yóò ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo, ojú ìfín yóò sì já wẹ́wẹ́. Bí ó bá tutù jù, irin ìfín yóò ya amọ̀ lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni funfun, tó jẹ́ amọ̀ funfun, fún ara àwọn obìnrin, àti pupa dúdú, tó jẹ́ irin dídógùn-ún tí wọ́n pò mọ́ omi-amọ̀, fún aṣọ, irùngbọ̀n àti gọ̀gọ̀ ẹṣin. Orí dúdú ni wọ́n sábà máa ń kun àwọn méjèèjì sí, wọn kò sì lẹ̀ dáadáa. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ obìnrin lára ìkòkò wọ̀nyí ṣe di dúdú lónìí: funfun ti bọ́.

Ìléru wọn rí róbótó. Ihò iná wà nísàlẹ̀, pèpéle tí wọ́n lu ihò sí wà lókè rẹ̀ lórí òpó kan, òrùlé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, ihò èéfín sì wà ní téńté. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìkòkò ń wọ iná, ṣùgbọ́n iná náà yí padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìpele kìíní: ihò òkè ṣí, afẹ́fẹ́ ń wọlé fàlàlà, ooru ń lọ sókè dé nǹkan bí 800°C. Gbogbo ìkòkò á pọn, àti ara àti àwòrán. Ìpele kejì: wọ́n á dí ihò òkè, wọ́n á ki igi tútù sísàlẹ̀, ooru á dé nǹkan bí 900 sí 950. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ á fa ọ́síjìn jáde lára irin inú amọ̀, gbogbo ìkòkò á sì dúdú. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà: omi-amọ̀ kíkúnná náà á yọ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ á dí bí ojú ìgò, ṣùgbọ́n ara ìkòkò á ṣì ní ihò wẹ́wẹ́. Ìpele kẹta: wọ́n á ṣí ihò padà, ooru á máa wálẹ̀. Afẹ́fẹ́ á wọ ara ìkòkò, á tún pọn. Kò lè wọ ibi tó ti dí, ibẹ̀ á sì dúdú títí. Ẹ má rò pé ó jọ ti àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin tí ń fi omi èèpo igbá sọ ìkòkò gbígbóná di dúdú: tiwọn, láti òde ni dúdú ti ń wá, ti Áténì, inú iná ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí irin inú amọ̀. Ọdún 1942 ni Theodor Schumann, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, tó rí ìdí rẹ̀ gbà, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá ọ̀dà tí kò sí.

Nǹkan púpọ̀ ló lè bàjẹ́, ojú àpáàdì sì ni ẹ ó ti rí i. Bí wọ́n bá kun omi-amọ̀ fẹ́lẹ́, yóò dà bí àwọ̀ búráùn, ojú ìgbálẹ̀ ìkunnǹkan yóò sì hàn. Bí afẹ́fẹ́ bá jò wọlé ní ìpele kejì, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ibi tó ń jò yóò ní àbààwọ́n pupa. Bí wọ́n bá to ìkòkò léra tí èéfín kò sì ráyè dé abẹ́ rẹ̀, àmì róbótó pupa yóò kù síbi tí ìdí ìkòkò òkè bò. Bí ooru bá ga jù, tàbí tí ìpele kẹta bá pẹ́ jù nínú ooru gíga, dúdú náà yóò pọn padà. Bí ìpele kẹta kò bá pẹ́ tó, àárín amọ̀ yóò ku eérú: ẹ wo ojú ibi tí àpáàdì ti fọ́, ẹ ó rí i bí ìlà dúdúdúdú láàárín pupa méjì. Wọ́n ní ọ̀nà àtidáàbò bo ara wọn. Wọ́n ń to àpáàdì kéékèèké tí wọ́n ti dá ihò sí sínú ìléru, wọ́n á fi irin kọ́ ọ jáde láti wo ibi tí iná dé kí wọ́n tó ṣí ihò òkè. Irú àwọn àpáàdì àdánwò bẹ́ẹ̀ ti jáde láti inú ilẹ̀.

Ọjọ́ kẹta: Elefsina

Ẹnubodè Mímọ́ tí ẹ rí lánàá ni Ọ̀nà Mímọ́ ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 20 sí Elefsina. Bọ́ọ̀sì ni kí ẹ wọ̀. Ọ̀nà náà ti di ti ọkọ̀ àti ilé-iṣẹ́, kò yẹ fún ẹsẹ̀.

Ìkòkò kan ṣoṣo ló gbé wa débẹ̀. Ọdún 1954 ni wọ́n hú u, egungun ọmọkùnrin kan tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá wà nínú rẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.42, ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 670 sí 650 ṣáájú Krístì. Ní ọrùn rẹ̀, akọni Odysseus àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń ti igi gígùn bọ ojú Polyphemus, òmìrán olójú kan. Kò sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀. Báwo la ṣe mọ̀? Igi tó wọ ojú ni àkọ́kọ́. Ife tó wà lọ́wọ́ òmìrán ni èkejì, torí wáìnì ni wọ́n fi mú un sùn. Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀kan nínú àwọn tó gbé igi náà funfun nígbà tí àwọn yòókù dúdú, ayàwòrán sì ti fi bẹ́ẹ̀ yà á sọ́tọ̀ fún wa. Ìṣe, ohun ọwọ́, àwọ̀: ohun mẹ́ta tí ẹ ní láti wá lára àpáàdì tí kò ní orúkọ nìwọ̀nyí, bí ìṣe bá sì ti fọ́ dànù, ẹ má ṣe sáré dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹṣin mẹ́rin lásán kì í ṣe ìtàn Patroklos. Bí lẹ́tà ara àpáàdì Sophilos bá ti bọ́, eré ẹṣin lásán ni à bá pè é.

Ẹ wo orí àwọn Gorgon tó ń lé Perseus ní ara ìkòkò náà kí ẹ tó lọ. Ìkòkò idẹ ni ayàwòrán náà fi ṣe orí wọn, ejò ń yọ jáde níbi tí ohun ọ̀ṣọ́ etí ìkòkò ì bá wà.

Ọjọ́ kẹrin: Agora

Ọjà àtijọ́ Áténì ni Agora. Musíọ̀mù ibẹ̀ wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Attalos tí àwọn ará Amẹ́ríkà tún kọ́ láàárín 1952 sí 1956. Ìkòkò ìpo-wáìnì tí wọ́n kà sí iṣẹ́ Exekias, ayàwòrán ìkòkò mìíràn, ti nǹkan bí ọdún 530 ṣáájú Krístì, ni kí ẹ lọ bá tààrà: wọ́n rí i nínú kànga ní ẹsẹ̀ àríwá Akropolis. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan fi Herakles hàn bó ṣe ń wọ ààrin àwọn òrìṣà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni ìjà lórí òkú Patroklos. Ìyẹn ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kí eré ìdíje tó wáyé wà níbí, eré ìdíje fúnra rẹ̀ sì wà ní Patission. Hector ló pa Patroklos níwájú odi Troy; Achilles, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sun òkú náà, ó sì kó ẹrù jọ fún ẹni tó bá borí.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ jáde sí gbangba. Lẹ́bàá ọ̀nà tí ìwọ́de ọdún òrìṣà Athena ń gbà láyé àtijọ́, àwọn tó ń walẹ̀ rí ihò òpó tí wọ́n kà sí ti àwọn ìjókòó pákó tí wọ́n ń kàn fún èrò ìwòran. Ikria ni wọ́n ń pè é. Ohun tí Sophilos yà gan-an nìyẹn. Nínú Iliad, ewì Homer lórí ogun Troy, ilẹ̀ àti orí òkè ni àwọn ọmọ ogun jókòó sí. Ayàwòrán mú ìjókòó ìlú tirẹ̀ ó gbé e lọ sí Troy. Ìtàn sọ pé irú pákó bẹ́ẹ̀ wó lulẹ̀ ní Áténì níbi eré kan, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé eré orí ìtàgé lọ sí ẹsẹ̀ gúúsù Akropolis.

Ìrọ̀lẹ́ wà fún ìṣirò. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ara ìkòkò róbótó ńlá ni àpáàdì kékeré kan ti wá? Ẹ ra ìkòkò òdòdó olówó pọ́ọ́kú, ẹ fọ́ ọ, kí ẹ fi dánra wò. Ti musíọ̀mù, ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Àkọ́kọ́, ẹ wo inú àpáàdì: àgbá yíyí máa ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ìlà náà ni ìbú, kì í ṣe òkè. Bí ẹ bá gbé e ní wíwọ́, gbogbo ìṣirò yòókù ti bàjẹ́. Ẹ wọn ìbú àpáàdì láti etí dé etí ní gígùn ìlà náà, kí ẹ wọn bí àárín rẹ̀ ṣe ga sí lókè ìlà tààrà yẹn. Ẹ sọ ìbú di púpọ̀ lọ́nà ìbú, ẹ pín in sí ìlọ́po mẹ́jọ gíga náà, kí ẹ fi ìdajì gíga kún un. Ìdajì ìbú ìkòkò lẹ rí yẹn. Bí ìbú bá jẹ́ mílímítà 80, tí gíga jẹ́ 6: 6,400 pín sí 48 jẹ́ 133.3, ẹ fi 3 kún un, ó di nǹkan bí 136. Ìkòkò náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 27 níbi tí àpáàdì ti wá.

Àpáàdì kékeré ló ń tan ènìyàn. Bí ìbú bá jẹ́ 40, tí gíga jẹ́ 1.5, ìdajì ìbú ìkòkò jẹ́ nǹkan bí 134. Bí ọwọ́ yín bá ṣì í pẹ̀lú ìdajì mílímítà péré, tí ẹ ka gíga náà sí 1, ó di 200; bí ẹ bá kà á sí 2, ó di 101. Nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ má sì wọ̀n ọ́n nítòsí ọwọ́ ìkòkò, torí ọwọ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn ti ba róbótó rẹ̀ jẹ́.

Dinos ni ìkòkò tí àpáàdì Sophilos ti wá: ìkòkò róbótó tí kò ní ẹsẹ̀, tí wọ́n ń gbé ka orí ọ̀pá ìgbékà, tí wọ́n ń po wáìnì mọ́ omi nínú rẹ̀. Odindi rẹ̀ kan tí Sophilos fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìgbékà rẹ̀, wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1971. Ìgbéyàwó Peleus àti Thetis, bàbá àti ìyá Achilles, ló wà lára rẹ̀. Àwọn ará wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù kò ní láti wọ ọkọ̀ òfúrufú kí wọ́n tó rí ọwọ́ Sophilos. Ẹ wo bí ìlà rẹ̀ ṣe pín sí ipele: ìtàn wà lókè, ẹranko àti ohun abàmì kún àwọn ipele ìsàlẹ̀. Ipele ìtàn ni àpáàdì Áténì ti wá.

Ọjọ́ karùn-ún: Fársala

Nǹkan bí kìlómítà 280 sí àríwá Áténì. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Tẹsalóníkà máa ń dúró ní Paleofársalos, ṣùgbọ́n ibùdó yẹn kì í ṣe inú ìlú. Ẹ ó tún wọ takisí. Ẹ fi gbogbo ọjọ́ kan sílẹ̀ fún un.

Ẹni tó bá wá síbí láti rí ìkòkò á pàdánù. Àpáàdì náà ti lọ sí Áténì. Ibi tó ti jáde nílẹ̀ ni ìdí ìrìn-àjò yìí. Pharsalos ni orúkọ ìlú náà láyé àtijọ́, ní Thessaly, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n mọ̀ fún ẹṣin. Agbègbè yìí náà ni wọ́n ń pè ní Phthia, ìlú Achilles. Ìkòkò tí wọ́n mọ ní Áténì, tó ń sọ ìtàn eré tí Achilles ṣètò, rin ọ̀nà tó jìn báyìí kó tó fọ́ sí ilẹ̀ Achilles fúnra rẹ̀. Ó ṣòro láti gbà pé ẹni tó rà á kò mọ ohun tó ń rà. Ẹ gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, kí ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ títí lọ sí àríwá. Ní ọdún 48 ṣáájú Krístì, ilẹ̀ yìí náà ni Julius Caesar ti ṣẹ́gun Pompey.

Bí ẹ bá ń rìn nínú oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí, ẹsẹ̀ yín yóò kan àpáàdì. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Òfin sọ pé ohun àtijọ́ inú ilẹ̀ jẹ́ ti ìjọba Gíríìsì, kò sì yọ àpáàdì kékeré sílẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfúrufú mọ̀ ọ́n rí. Yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n, àpáàdì tí ẹ bá ṣí nípò ti sọ ẹ̀rí rẹ̀ nù: a kò ní mọ̀ mọ́ bóyá ibojì ló ti wá, tàbí ojúbọ, tàbí ilé ìdáná. Ohun tí ẹ lè rù wá sílé láti Fársala ni halva wọn, èyí tí wọ́n fi sítáṣì, ọ̀rá àti ṣúgà rò títí tí òkè rẹ̀ fi jó díẹ̀. Kò jọ èyí tí wọ́n fi yanmọtí ṣe.

Ọjọ́ kẹfà: Patission padà

Ẹ padà sídìí 15499 ní kùtùkùtù kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó dé. Ẹ mú Iliad ìwé 23 dání, kí ẹ sì fi wé e.

Nínú Homer, ènìyàn márùn-ún ló díje: Eumelos, Diomedes, Menelaos, Antilochos àti Meriones. Ẹṣin méjì méjì ni wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́. Sophilos so mẹ́rin, torí eré ẹlẹ́ṣin mẹ́rin ni ó mọ̀ ní ìgbà tirẹ̀. Òpó tí wọ́n ń yí po ni kùkùté igi gbígbẹ tí òkúta funfun méjì fara tì. Diomedes ló borí, ó gba obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ kan àti ìkòkò idẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀bùn ẹni kẹta ni ìkòkò idẹ tí iná kò tíì kàn. Ẹ rántí orí Gorgon ní Elefsina: dinos tí Sophilos ya eré náà sí, àwòkọ irú ìkòkò idẹ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́. Àwòrán ẹ̀bùn wà lára ẹ̀bùn, bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀.

Èrò ìwòran tún wà nínú Homer. Idomeneus jókòó síbi tó ga ju ti gbogbo ènìyàn, òun ló kọ́kọ́ rí ẹṣin tó ń bọ̀, ó kígbe pé ti Diomedes ló wà níwájú. Ajax ọmọ Oileus ní irọ́ ni, ó bú u, Idomeneus sì ní kí wọ́n fi ìkòkò idẹ ta tẹ́tẹ́ lé e, títí Achilles fi dìde láti là wọ́n. Ẹ wo àwọn ọkùnrin orí pèpéle náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Sophilos kò kọ orúkọ sí ẹnì kankan nínú wọn, ẹ má sì bá a kọ ọ́, ṣùgbọ́n ariwo yẹn ló yà.

Ìkòkò kejì tó ní eré yìí ni èyí tí Ergotimos mọ tí Kleitias yà, ní Florence, nǹkan bí ọdún 570: gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 66, Alessandro François ló hú u nítòsí Chiusi ní 1844 sí 1845. Ní ọdún 1900, ẹ̀ṣọ́ musíọ̀mù kan fi ìbínú fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ 638, wọ́n sì tún un tò. Lára rẹ̀, Kleitias kọ orúkọ àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n Diomedes nìkan ló bá ti Homer mu. Odysseus pàápàá wà lórí kẹ̀kẹ́. Nítorí náà, ẹ má gbìyànjú láti fi ìwé Homer sọ orúkọ ẹni tó ń wa ẹṣin Sophilos. Ọ̀pọ̀ ẹnu ló ń sọ ìtàn náà nígbà yẹn.

Ìṣẹ́ ìkẹyìn ni yíyà. Ẹ fa ìlà tààrà kan lórí pépà fún ilẹ̀ tí ẹṣin ń tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ya etí ibi tó fọ́, ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ tó ya ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ya ẹṣin máa ń sọ wọ́n di ńlá jù, pèpéle kò sì ní ráyè. Ẹ fi ìlà gidi ya ohun tí ojú rí, ẹ fi ìlà alámì tótó ya ohun tí ẹ mọ̀ pé ó ní láti wà: ẹ̀yìn ẹṣin, àgbá kẹ̀kẹ́, ọwọ́ tó di ìjánu. Lẹ́tà, ẹ kọ ọ́ bí Sophilos ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú Τ tó ṣì kọ. Lápá ọ̀tún, níbi tí orúkọ Achilles parí, ẹ dá pẹ́ńsùlù dúró. Bóyá ó jókòó, bóyá ó dúró, bóyá ó na ọwọ́ sí ẹ̀bùn, àpáàdì kò sọ.